Tafasa Ìdí Ògiri

Ọmọ mi kọ́lé sí Koira Kano, ní Niamey. Ilé náà dára, mi ò lè purọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, ó ní kí n kó kúrò ní Maourey, níbi tí èmi àti bàbá rẹ̀ ti ń ta aṣọ láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí ní ìyàwó tuntun láti Ògbómọ̀ṣọ́. Mo kó wá. Níwájú ilé tuntun yìí, láàárín ògiri àti títì, ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó fẹ̀ tó ẹní méjì tí a tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi í ṣe. Orí ilẹ̀ yẹn ni ìbínú tí mo fẹ́ sọ yìí ti bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì tán nínú mi.

Ẹni tí kò bá gbé Niamey rí kò lè mọ ohun tí òjò àkọ́kọ́ ń ṣe fún ilẹ̀. Láti oṣù dé oṣù, ilẹ̀ á gbẹ bí awọ gìgísẹ̀ àgbàlagbà, atẹ́gùn á máa gbé eruku wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Òjò á wá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kò ní pẹ́ tí ilẹ̀ á fi yọ irun tútù. Ẹnikẹ́ni kò gbìn ín. Ní ìdí ògiri wa, èèmọ́ ló máa ń kọ́kọ́ yọ, èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìró obìnrin tó sì máa ń gún ọmọdé lẹ́sẹ̀. Èmi a máa fà á tu kó tó so, nítorí mi ò rí ohun tó wúlò fún. Pápásan á tẹ̀lé e, á nà gbalaja lórí iyanrìn. Ẹ̀kúyá á yọ òdòdó funfun. Ètìpọ́nọlá á jí. Òun kì í kú ní tirẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ a máa sùn sábẹ́ ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà ẹ̀rùn. Bí omi bá ti kàn án, á nà jáde, á wá fi òdòdó pupa wínníwínní sórí bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ ìkókó.

Ṣùgbọ́n olórí gbogbo wọn ni tafasa. Bí àwọn Hausa ṣe ń pè é nìyẹn. Ó jọ rẹ́rẹ́ ilé wa. Ewé rẹ̀ rọ̀, àwọ̀ òdòdó rẹ̀ dà bí ti ìyeyè tó pọ́n, ó sì máa ń dì mọ́ra débi pé èèyàn kò ní rí ìsàlẹ̀ ògiri mọ́.

Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n yọ èyí tí kò wúlò kúrò láàárín èyí tó wúlò. Kí oòrùn tó mú, n óò gbé àpótí mi jókòó sídìí ògiri, n óò fi ọwọ́ tu èèmọ́ tó wà níwájú mi, n óò sún àpótí, n óò tún tu. Mi ò lo ọkọ́. Ọkọ́ kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí ìyàwó, gbogbo wọn ni yóò gé.

Ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọn kò tíì kọ́ ọ. Ẹni tó ni ín fi mẹ́gáàdì kan síbẹ̀ kí àwọn kan má bàa gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, mẹ́gáàdì náà sì ń gbé ibẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ, nínú ahéré tí wọ́n fi ẹní àti páànù ṣe. Ìyàwó yìí ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹ tafasa. Hausa la jọ ń sọ. Kàká ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà nìyẹn. Ní ọdún àkọ́kọ́, ó dúró sẹ́yìn mi, ó ń wo bí mo ṣe ń tu èèmọ́.

Ó ní, "Kàká, ẹ̀yin kì í jẹ èyí tí ẹ fi sílẹ̀ yẹn ni?"

Mo ní, "A kì í jẹ ẹ́. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Òun ló tọ́ àwọn ọmọ mi."

Mo sọ fún un pé kó máa wá já a, bó bá ti wù ú, kó má ṣáà fà á tu. Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń wá láràárọ̀, ní gbogbo ìgbà òjò, tòun ti igbá rẹ̀. Orí ewé tó rọ̀ ló máa ń já. Á bọ̀ ọ́, á fún omi rẹ̀ dànù, á gún kúlíkúlì sí i, á gé àlùbọ́sà sí i, iyọ̀, òróró díẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ a jẹ ẹ́ yó. Tó bá sì di ọjọ́ Jímọ̀, á bu tèmi sínú abọ́, á gbé e wá ká tó ti ìrun dé. Èmi náà kì í dá abọ́ rẹ̀ padà lófìfo. Ní ilẹ̀ wa, a kì í dá abọ́ ẹni tó fún wa lóúnjẹ padà lófìfo. Mo lè fi ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ sí i, mo lè fi ilá gbígbẹ sí i, tàbí ègé ọṣẹ. Ìgbà mìíràn, bí kò bá sí nǹkan nílé, ata méjì.

Ọmọ mi fẹ́ràn tafasa yìí ju ẹran lọ. Ìlú yìí la bí i sí, ìwé Faransé ló kà, ní bíróò ló ń ṣiṣẹ́. Bó bá ti mọ́ṣáláṣí dé lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń sọ ni, "Màmá, wọ́n ti gbé e dé?"

Lọ́jọ́ kan ó bi mí, "Ọjà wo ni wọ́n ti ń rà á gan-an? Èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu bíróò wa kò dùn tó báyìí."

Mo ní, "Ọjà ìdí ògiri ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lá ìka rẹ̀. Ó rò pé mò ń ṣe àwàdà.

Ọmọ yìí kan náà ni kò fẹ́ rí koríko sójú. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbé ọkọ̀ jáde ní ìgbà òjò ni yóò fajú ro. Ó ní àwọn ará àdúgbò fi òdòdó òyìnbó sójúde wọn, wọ́n ń fi rọ́bà bomi rin ín, àwa nìkan ni ojúde wa rí wúruwùru.

Ó ní, "Màmá, àwọn èèyàn ń wò wá."

"Kí ni wọ́n ń wò?"

"Ilé yìí dà bí ilé tí ẹni tó ni ín ti kú."

"Ẹni tó ni ín ló jókòó sórí àpótí yìí tó ń bá ọ sọ̀rọ̀."

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá. Ọ̀dọ̀ èmi àti bàbá rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Nílé wa, bí koríko bá hù lójúde, a mọ̀ pé ilé náà ti tú. Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ kì í mọ́ tán kí n má tíì gbálẹ̀ ojúde bàbá ọkọ mi, débi tí ipa ọwọ̀ á fi hàn lórí yẹ̀pẹ̀ bí ipa òòyà lórí irun. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yẹn kọ́ nìyí. Níbí, ilẹ̀ tí o bá gbá mọ́, inú yàrá rẹ ni atẹ́gùn ń kó o wá. Ohun tó hù sórí rẹ̀ ló di iyanrìn náà mú. Mo ti ṣàlàyé èyí fún un lọ́pọ̀ ìgbà. Á ní, "Ó dára, Màmá," á sì wọ ọkọ̀ lọ.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, a ń retí àwọn àna. Ìdílé kan ní àdúgbò Poudrière ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ ọmọ mi obìnrin fún ọmọ wọn. Ará ilé wa ni wọ́n, láti ẹ̀bá Ògbómọ̀ṣọ́, oníṣòwò aṣọ. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n dá. Ní ọjọ́ Àlàmísì tó ṣáájú rẹ̀, mo lọ sí Maourey láti kí ọ̀rẹ́ mi kan tí ara rẹ̀ kò yá, mo sì sùn síbẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ti kírun tán. Mo gba ẹ̀bá ògiri kọjá, gbogbo ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀. Òórùn kan ni mo gbọ́ bí ìgbà tí èèyàn da epo kẹrosíìnì sílẹ̀, mo rò pé láti ara ọkọ̀ ni. Mo wọlé. Ọmọ mi ti jókòó ti oúnjẹ. Abọ́ tafasa wà níwájú rẹ̀, ó ti jẹ ẹ́ dé ìdajì.

"Màmá, ẹ kú àbọ̀. Mo ṣẹ́ tiyín kù."

Mo ní, "Ẹ kú ilé o."

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ẹ má bínú o, mo ti bá yín tún ojúde ṣe. Mo pe jadíníyè kan wá, èyí tó ń bá àwọn ará iwájú wa tọ́jú ọgbà wọn. Ó gbé ike oògùn kọ́ ẹ̀yìn, ó fín in sí gbogbo koríko yẹn. Ẹ ò ní rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ lónìí, àmọ́ kó tó di ọjọ́ Àìkú yóò ti máa gbẹ."

Mo ṣì dúró, báàgì mi wà lọ́wọ́.

"Nígbà wo ló fín in?"

"Àná, lẹ́yìn àsárì."

"O sọ fún ìyàwó mẹ́gáàdì?"

"Kí ló kàn án níbẹ̀?"

Mo ní, "Kí lò ń jẹ yẹn?"

Ó wo inú abọ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mi ò dúró kó dá mi lóhùn. Mo sọ báàgì kalẹ̀, mo jáde.

Èmi kì í sáré mọ́, eékún mi kò gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo rìn débi tí bàtà mi kan fi bọ́ sílẹ̀ tí mi ò sì padà mú un. Nígbà tí mo dé ahéré wọn, àwọn ọmọ ti yí abọ́ ńlá ká. Àwọn àgbà inú wọn ti jẹun tán, àbíkẹ́yìn ṣì ń fi ìka kó tirẹ̀. Mo gba abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ìka mi yọ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ dìde, ó ń wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè, nítorí àgbàlagbà kì í já oúnjẹ gbà lẹ́nu ọmọ.

Mo ní, "Wọ́n ti fín oògùn sí i. Oògùn tó ń pa koríko."

Kò kígbe. Ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "Ta ló fín in, Kàká?"

"Ọmọ mi ni."

"Nígbà tí mo lọ pọn omi lánàá?"

"Bóyá nígbà yẹn ni. Èmi náà kò sí nílé."

Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ọmọ yín náà sì ń jẹ ẹ́. Mo gbé tiyín fún un fúnra mi lẹ́ẹ̀kan."

Ọmọ mi ti gbé ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà. A kó gbogbo wọn sínú ọkọ̀, àwọn ọmọ ń gun orí ara wọn, èmi àti ìyá wọn. Kí a tó dé ilé ìwòsàn, àbíkẹ́yìn bì sí mi lára. Dókítà bi wá pé oògùn wo ni. Ọmọ mi pe jadíníyè náà lórí fóònù. Ọkùnrin yẹn kò mọ orúkọ rẹ̀. Inú kẹ́ẹ̀gì ńlá kan ni wọ́n ti bù ú fún un lọ́jà, sínú ike omi, kò sì sí ìwé kankan lára ike náà. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo ń gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń fi Faransé sọ ọ́ fún dókítà. Wọ́n ń ṣọ́ àwọn ọmọ náà, àti ọmọ mi tí òun náà jẹ nínú rẹ̀, títí oòrùn fi rọ̀. Àbíkẹ́yìn tún bì, inú ẹnìkan nínú wọn run ún, lẹ́yìn náà ó lọ sílẹ̀. Dókítà ní kí a máa lọ, kí wọ́n mu omi dáadáa, kí a tètè kó wọn padà bí ohunkóhun bá tún ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun tó tún ṣẹlẹ̀. Bóyá oògùn ló fa èébì ọmọ náà, bóyá ìka tí mo tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu ni, mi ò mọ̀. Dókítà náà kò sọ pé òun mọ̀.

Lẹ́yìn tí a já wọn sílẹ̀, ó ku èmi àti ọmọ mi nínú ọkọ̀.

Ó ní, "Màmá, mi ò mọ̀."

"O ò béèrè."

"Nítorí yín ni mo ṣe ṣe é. Kí àwọn àna má lọ máa sọ pé a jẹ́ kí koríko hù lójúde ìyá wa."

Ẹ rí i, bó bá jẹ́ pé ó sọ pé òun kò fẹ́ràn koríko ni, ǹ bá bínú, ì bá sì tán. Ṣùgbọ́n orúkọ mi ló fi fín oògùn. Ó dúró dè mí kí n lọ kí ọ̀rẹ́ mi, ó ṣe ohun tó mọ̀ pé n kò ní gbà, ó wá gbé e fún mi bí ẹ̀bùn. Bí ọmọ ọlọ́mọ bá kú, ẹ̀bùn mi ló pa á nìyẹn. Mo sọ èyí fún un, jẹ́jẹ́. Ó gbé orí lé ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Mi ò sọ pé kó gbé e kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú pé. Oògùn ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ìdí ògiri ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tafasa tẹ orí ba, ètìpọ́nọlá ká wọnú ara rẹ̀ bí aràn. Ojú ọ̀nà ni àwọn àna ti rí i. Àgbà obìnrin tó ṣáájú wọn dúró, ó wò ó, kó tó bọ́ bàtà.

Ó ní, "Ìyá, òjò kò rọ̀ dọ́dọ̀ yín ni?"

Mo ní, "Ó rọ̀ dáadáa. Ẹ bi bàbá ìyàwó."

Ọmọ mi wà ní ìdọ̀bálẹ̀ níbi tó ti ń kí wọn. Ó ní, "Oògùn ni, mà. Kí ojúde lè mọ́, kó lè… kó lè yẹ yín."

Àna náà mi orí. "Ẹ ṣeun. Èyí tí mo mọ̀ ni pé ilé tí koríko bá hù níwájú rẹ̀, wọ́n ń pè é ní ahoro. Èyí tí koríko bá kú níwájú rẹ̀, mi ò tíì gbọ́ ohun tí wọ́n ń pè é."

Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, a ṣe ohun tí wọ́n torí rẹ̀ wá, a fún wọn ní ọmọ wa. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń jẹun, etí mi wà níta, lọ́dọ̀ àwọn ọmọ mẹ́gáàdì, mò ń fetí sílẹ̀ bóyá wọ́n ń ṣeré.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, abọ́ kò wá. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, kò wá. Obìnrin yẹn kò bá mi jà. Ó ń kí mi, "Kàká, ẹ jíire," á kọjá. Nígbà tí ọmọ mi gbé àpò ìrẹsì kan lọ fún wọn, ó gbà á, ó dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí i ní ọjọ́ kan tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ sí ìdí ògiri wa. Ó fa ọwọ́ ọmọ náà sẹ́yìn bí ìgbà tí èèyàn ń fa ọmọ kúrò lẹ́nu kànga. Ìyẹn dùn mí ju kó wá bú mi lọ.

Ẹ̀rùn wá, ó lọ. Òjò tún dé. Èèmọ́ yọ, pápásan yọ, tafasa náà yọ, nítorí ó ti gbọn irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ láti àwọn ọdún tó kọjá. Ètìpọ́nọlá kò yọ. Mo fi ìka gbẹ́ ibi tí mo mọ̀ pé gbòǹgbò rẹ̀ wà. Ó ti rà, ó rí múlọ́múlọ́ lọ́wọ́ mi.

Ọmọ mi bá mi níbẹ̀.

"Màmá, tafasa ti yọ."

"Mo rí i."

"Ṣé kí n wá ẹnìkan tí yóò máa bá yín tu èèmọ́ yẹn?"

Mo dìde lórí àpótí mi. Mo ní, "Jókòó."

Ó wo ẹ̀wù rẹ̀, ó wo títì. Ọ̀kan nínú àwọn tó ní òdòdó òyìnbó ń fọ ọkọ̀ níwájú wa, ó ń wò wá. Ọmọ mi jókòó. Ó tu èèmọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi kún fún ẹ̀gún. Mi ò bá a yọ ọ́. Láti ìgbà náà, òun ló ń tu ú láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mi ò sì kí i kú iṣẹ́.

Nígbà tí tafasa tó já, mo já a fúnra mi, mo sè é bí ìyàwó mẹ́gáàdì ṣe kọ́ mi. Mo bu ú sínú abọ́, mo pe ọmọ mi, a lọ sí ẹnu ahéré wọn. Obìnrin náà ń fi atẹ fẹ́ jéró. Mo ní kí ọmọ mi bù ú jẹ níwájú rẹ̀. Ó bù ú, ó jẹ ẹ́, ó gbé e mì. Èmi náà jẹ. Obìnrin náà ń wò wá, kò sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n wá.

Ó ní, "Ẹ gbé e kalẹ̀, Kàká. A óò jẹ ẹ́ tó bá ṣe díẹ̀."

Mo gbé e kalẹ̀. A padà sílé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, abọ́ náà wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bóyá àwọn ọmọ ló jẹ ẹ́, bóyá ewúrẹ́ ni, mi ò béèrè, kò sì sí ẹ̀tọ́ tí mo ní láti béèrè.

Ọmọ mi rí abọ́ náà. Ó ní, "Ó dá a padà. Ṣé ó ti tán báyìí?"

Mo ní kó wo inú rẹ̀. Ó wò ó. Òun náà mọ ohun tí abọ́ òfìfo túmọ̀ sí, ó kéré tán mo kọ́ ọ ní ìyẹn.

Tafasa ṣì ń bẹ ní ìdí ògiri. Ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, n óò tún sè é, a óò tún gbé e lọ. Ọmọ mi ni yóò máa kọ́kọ́ jẹ ẹ́ níwájú obìnrin yẹn, ní gbogbo Jímọ̀ tí òjò bá fi wà, títí di ọjọ́ tí abọ́ yẹn yóò padà wá pẹ̀lú nǹkan nínú, ì báà jẹ́ ata kan.